Ìlànà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Di Ẹrù Sínú Ìrántí Kọ̀ǹpútà

Lọ́jọ́ ọjà, kí ọkọ̀ tó gbéra ní Odomèta lọ sí Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, dúró kó o wo àwọn tí ń di ẹrù. Àpò àgbàdo ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé sí i. Kẹ́ẹ̀gì epo ló tẹ̀ lé e. Adìẹ tí a so lẹ́sẹ̀ ló ń wọ igun tó bá ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Ìwọ tí wọ́n kọ́, má fara wé wọn. Ìwọ òǹkọ̀wé ètò ní èdè C, tó gbà pé ìrántí ẹ̀rọ kò lè tán láé, ni mo kọ ìlànà yìí fún.

1. To nǹkan bó ṣe bọ́ sí ọ lọ́kàn.

Ká ní àwọn tí ń ra àgbàdo ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́. Àpò kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan tó ń sọ irú ọjà, ìwọ̀n ní kílò, lẹ́tà kan tó ń sọ bóyá a ti sanwó, àti iye owó ní fráǹkì. Kọ ọ́ báyìí, má ronú:

struct apo { char iru; double iwon; char sisan; int owo; };

Char gba báìtì 1, double gba 8, int gba 4. Àmọ́ ẹ̀rọ ní òfin ìjókòó tirẹ̀. Lórí ẹ̀rọ 64-bit tó wọ́pọ̀, àdírẹ́sì tí 8 lè pín láìṣẹ́kù ni double ń jókòó sí. Èyí tí 4 lè pín ni ti int. Char ò níṣòro, ibi gbogbo ló gbà á. Char àkọ́kọ́ jókòó sí 0, àyè 7 ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ kí double tó bẹ̀rẹ̀ ní 8. Char kejì bọ́ sí 16, àyè 3 tún ṣófo, int wá bẹ̀rẹ̀ ní 20. Báìtì 24 ni gbogbo rẹ̀, ẹrù inú rẹ̀ ò sì ju 14 lọ. Adìẹ kan ló gba odindi ìjókòó iwájú yẹn.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ double, tó fi int tẹ̀ lé e, kó tó kan char méjèèjì, yóò rí i pé báìtì 16 péré ló gbà. Àyè 2 tó ṣófo nídìí rẹ̀ wà kí àpò tó tẹ̀ lé e lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó tọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀! Bí àpò bá pé mílíọ̀nù kan, báìtì mílíọ̀nù 8 lo máa fi ṣòfò ju ẹni yẹn lọ, ṣé ohun kékeré nìyẹn?

Òfò náà ò sì mọ sórí àyè. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, báìtì 64 ni ẹ̀rọ ń bù wá láti inú ìrántí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni fi garawa pọn omi. Mẹ́rin gééré ni àpò oníbáìtì 16 nínú garawa yẹn. Oníbáìtì 24 ò ju méjì àti àjákù lọ. Ẹni tó bá ti pọn omi láti ọ̀nà jíjìn lórí òkè Kétu mọ ohun tí garawa àìkún ń fi ẹsẹ̀ ṣe.

2. Má bi ẹ̀rọ léèrè, fi orí ara rẹ ṣírò.

Oókan, ẹẹ́jọ, oókan, ẹẹ́rin: 14 ni. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ 14 síbi tó o ti ń gba àyè sílẹ̀. Ojo ló ń fi sizeof béèrè iye báìtì. Nígbà tí ilé oníbáìtì 24 bá dé orí ilẹ̀ oníbáìtì 14, o ti kọ́lé wọ ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn, onílẹ̀ á sì wá ọ dé.

3. Da struct sínú fáìlì bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà, gbé fáìlì náà lọ sórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà x86 32-bit tó ń lo Linux. Níbẹ̀, àdírẹ́sì tí 4 bá ti lè pín ti tó fún double nínú struct, báìtì 20 sì ni àpò kan náà ń gbà. Láti orí àpò kìíní ni kíkà á ti máa ṣì. Ìwọ̀n á di owó, owó á di gbèsè.

4. Fi memcmp wé àpò méjì.

Báìtì gbogbo ni memcmp ń wé, títí kan àyè tó ṣófo, kò sì sẹ́ni tó gbá ibẹ̀. Pàǹtí ohun tó ti gbé ibẹ̀ rí lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àpò méjì tó bára mu délẹ̀ lè máa ṣe bí ẹni tí ò mọra. Bó o bá wá fi wọ́n ránṣẹ́ sí àjèjì láìgbá ibẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ ló ń bá wọn lọ.

5. Bí wọ́n bá bá ọ wí, bínú.

Lẹ __attribute__((packed)) mọ́ gbogbo struct tó o ní. Àpò á di 14 bó o ṣe fẹ́, double á sì lọ jókòó sí 1. Wá fi pọ́ńtà lásán tọ́ka sí double yẹn. Ẹ̀rọ x86 á fara dà á lọ́pọ̀ ìgbà. SPARC ò ní sùúrù yẹn: “Bus error” ni yóò fi dá ọ lóhùn, ètò rẹ á sì kú síbẹ̀. Lóòótọ́, packed wúlò níbi tí ẹlòmíràn bá ti la ìlànà bí báìtì yóò ṣe tò sílẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n kí ni ti òmùgọ̀ nínú ìyẹn?

6. Di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpáílà.

Sọ pé, “Kí ló dé tí kò bá mi tún un tò?” Òfin C kò gbà fún un: bó o ṣe tò wọ́n ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra nínú ìrántí. Kọ̀ǹpáílà Rust lè tún un tò fúnra rẹ̀, àfi bó o bá kọ repr(C) sí i. Nítorí náà, sá fún Rust, kó má baà gbà ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tí ń di ẹrù ní Odomèta ìdí tí àpò ńlá fi ń ṣíwájú. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ gbé adìẹ sí i, ká wò ó.”

Òmùgọ̀ ọ̀rẹ́ mi, o ti gbé e sí i. Ọkọ̀ ti kún, àpò àgbàdo mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀.