Ẹ̀gbọ́n Pat, A-dé-bá-ọbẹ̀-tó-ti-jinná

Ẹ̀gbọ́n Pat Smear, ẹ kú jókòó o. Ẹ fẹ̀yìn ti àga dáadáa, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn lónìí. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ a máa kọ́kọ́ fajú ro ná, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu. Ẹ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nídìí orin pọ́ńkì: gbogbo wọn ń wo kámẹ́rà bí ẹni tí lánlọ́ọ̀dù ń wá kiri. Ẹ̀yin ń ta eyín síta bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Georg Albert Ruthenberg ni àwọn òbí yín sọ yín ní Los Angeles lọ́dún 1959. Orúkọ ńlá! Ẹni tó bá ń jẹ́ Ruthenberg, adájọ́ ló yẹ kó jẹ́, tàbí kó ni báńkì. Ẹ gbé e jù sígbó. Ẹ wá lọ mú Pap smear, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn obìnrin bóyá jẹjẹrẹ wà lẹ́nu ilé-ọmọ, ẹ pa lẹ́tà kan dà níbẹ̀, ó di Pat Smear. Àwa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ìwòsàn ni ẹ̀yin wò, ẹ̀gbọ́n, wọ́ọ̀dù àwọn ìyá wa gan-an.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín, Jan Paul Beahm, tó padà sọ ara rẹ̀ di Darby Crash, ẹ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Orúkọ tí ẹ kọ́kọ́ fún un gùn bí oríkì ọba, ìsọkúsọ sì wà nínú rẹ̀ tí olóòtú mi kò ní jẹ́ kí n tẹ̀ síbí. Nígbà tí ẹ débi tí wọ́n ti ń tẹ orúkọ sára pólò, ẹ rí i pé lẹ́tà yín pọ̀ ju owó yín lọ. Ni ẹ bá gé e kù sí Germs. Kòkòrò àrùn! Ọ̀gbẹ́ni Àyẹ̀wò ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ Kòkòrò Àrùn: bó bá ṣe ọ̀dọ̀ wa níbí, nọ́ọ̀sì ti ní kí ẹ lọ ra káàdì. Belinda Carlisle ló yẹ kó máa lùlù fún yín, àìsàn dá a dúró sílé. Àìsàn yẹn ṣe é lóore, nítorí nígbà tó máa gbádùn tán, ẹgbẹ́ Go-Go's ló bá lọ, ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Òde àkọ́kọ́ yín wá ńkọ́? Lọ́dún 1977, ní gbọ̀ngàn Orpheum ní Los Angeles, ẹ gun orí ìtàgé láìní orin. N kò ní orin tó dára o; mo ní orin rárá. Darby ki ẹnu maikirofóònù bọ inú ìgò bọ́tà ẹ̀pà, ẹ̀yin yòókù ń pariwo, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi lé yín sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ wa, olórin tí kò mọ orin kan á kúkú máa ki alága ìjókòó. Owó á ṣì wọlé.

Ilé ijó kan lé yín, èkejì lé yín, débi pé orúkọ ìfarapamọ́ lẹ fi ń wá òde kiri: GI, ìyẹn Germs tó para dà. Bí ajigbèsè tó lọ ra síìmù tuntun. Orúkọ yẹn náà lẹ fi pe àwo orin yín tó jáde lọ́dún 1979, tí Joan Jett darí ìgbàsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ òótọ́ kan níbí kó má bàa ba ẹ̀fẹ̀ mi jẹ́: nínú àwo yẹn, Darby ń kùn, ó ń bú ramúramù, ọ̀rọ̀ ń wó lulẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gìtá yín ń sáré lábẹ́ rẹ̀, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Kalifóníà tó wá ń pe tiwọn ní hardcore lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá fọnná.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1980, Darby fi heroin gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yìnbọn pa John Lennon ní New York, kò sì sí ìwé ìròyìn tó tún ráyè Darby. N kò ní ẹ̀fẹ̀ kankan síbẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ta gìtá fún Nina Hagen. Ẹ dá gbé àwo orin tiyín jáde, ẹ pè é ní Ruthensmear: orúkọ bàbá tí ẹ ti jù sígbó lẹ tún lọ ṣà wálé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyẹ̀wò. Nígbà tó di 1993, ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ wà, ẹ ń tajà jẹ́ẹ́jẹ́. Fóònù dún. Ẹni tó pè ní òun ni Kurt Cobain, òun sì fẹ́ kí ẹ wá bá Nirvana ta gìtá. Ẹ rò pé ọ̀rẹ́ kan ló ń fi yín ṣeré. Èmi náà ì bá gé fóònù!

Ibí yìí ni mo ti fún yín lórúkọ tó wà lókè yẹn. Nirvana ti se Nevermind, wọ́n ti se In Utero, wọ́n ti sọ ìkòkò kalẹ̀. Ẹ̀yin wọlé tẹ̀yin ti abọ́. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ ti wà lórí Saturday Night Live. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣe MTV Unplugged, pẹ̀lú òdòdó àti àbẹ́là lórí ìtàgé bí ibi àìsùn òkú, gbogbo ènìyàn dorí kodò. Àfi ẹ̀yin, pẹ̀lú gìtá aláwọ̀ àsíá Amẹ́ríkà, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń díje fún ipò sẹ́nétọ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 1994, Kurt náà ti lọ, ẹ sì padà sílé.

Ọdún kan kò tíì pé, Dave Grohl, onílù Nirvana, pè. Òun náà ti dá wọ ilé ìgbàsílẹ̀, ó lu ìlù, ó ta gìtá, ó ta báàsì, ó kọrin, àwo àkọ́kọ́ Foo Fighters ti parí. Ọbẹ̀ tún ti jinná! Àwo tí ẹ kò fọwọ́ kan okùn kan nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ bá wọn gbé e yí ayé ká.

Ẹ ṣiṣẹ́ lórí ìkejì, mi ò ní parọ́ mọ́ yín, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa á kọ lẹ́tà, tàbí kó ní òun ń lọ sìnkú ìyá-ìyá òun, kó má padà mọ́. Ẹ̀yin dúró lórí òrùlé iwájú gbọ̀ngàn Radio City ní New York, níbi àjọ̀dún ẹ̀bùn MTV ti ọdún 1997, ẹ kọ orin kan, ẹ gba maikirofóònù, ẹ ní ó dìgbóṣe, ẹ na ọwọ́ sí Franz Stahl pé òun ló kàn, ẹ bá tiyín lọ. Gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n!

Lọ́dún 2006, ẹ rọra wọlé padà bí ẹni tó lọ ra búrẹ́dì ní ìta. Chris Shiflett ti wà lórí àga yín. Wọn kò lé e dìde, wọ́n gbé àga kẹta wá. Àwọn kan ń béèrè pé kí ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan fẹ́ fi gìtá mẹ́ta ṣe. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ti jó níwájú ẹgbẹ́ King Sunny Adé kò ní bi yín nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ná. Inú gáréèjì ilé àwọn òbí yín ni Germs ti gba orin wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1977. Inú gáréèjì ilé Grohl ni Foo Fighters ti gba Wasting Light sílẹ̀, tó jáde lọ́dún 2011. Ọdún 34, ẹ̀yin ṣì wà ní gáréèjì! Dáńfó kì í pẹ́ ní gáréèjì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni pé èyí mú Grammy wálé.

Lọ́dún 2014, Rock and Roll Hall of Fame dá Nirvana lọ́lá. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n pè, tiyín kò sí níbẹ̀. Ẹ gbé gìtá yín, ẹ bá wọn ta á lálẹ́ ọjọ́ náà, Joan Jett náà wà lórí ìtàgé. Wọn kò fún yín láṣọ ẹbí, ẹ sì ń bá wọn gbé ìrẹsì kiri. Ọdún 2021 ni wọ́n tó pe orúkọ yín, pẹ̀lú Foo Fighters, Paul McCartney ló sì fa ẹgbẹ́ náà kalẹ̀. Òun kan náà lẹ ti bá kọ orin lọ́dún 2012, tí ẹ jọ gba Grammy lórí rẹ̀. Ojú ìwé ìròyìn tí ìròyìn ikú Lennon gbà lọ́wọ́ Darby lọ́jọ́sí, bóyá gbèsè rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ Lennon ń san.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀? Ó dáa. Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n, bí fóònù yín bá tún dún, tí wọ́n ní àwọn ń sọ ìkòkò kan kalẹ̀ báyìí, ẹ ta mí lólobó. Mo ti fọ abọ́ tèmi.