Àlejò Lọ́ńdọ̀nù Lóko Ìrẹsì

Ẹ bá mi wo àbúrò wa tó ti Peckham dé. Ó ní òun ò sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, ilé ẹbí l'Ọ̀fàdà lòun ń lọ, kóun lè jẹ ìrẹsì ibẹ̀ nínú ewé eéran. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́kún.

Ìyàwó ilé ti sè dè é: ìrẹsì funfun báláú, àpò Thailand, tí kò ní òkúta kankan.

"Ọ̀fàdà ńkọ́, mà?"

"Ha, ọkọ mi! Ará òkè òkun la fẹ́ fún ní ìrẹsì olóòórùn?"

Òótọ́ ni, ó lóòórùn; rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi fọ́jọ́ mélòó kan ló fà á. Òórùn yẹn gan-an làwọn alásè Èkó ń rà lówó gọbọi, ìyẹn ni kì í fi í kù sílé onílé.

Bàbá àgbà ní kó máa bá àwọn lé ẹyẹ lóko, èyí tí ẹyẹ bá jẹ kù ni tirẹ̀. Ó wọ bàtà funfun lọ. Bí ẹyẹ ṣe rí bàtà, wọ́n fò lọ.

Bàbá ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sún ọjọ́ bàálù síwájú títí wọ́n á fi kórè tán.