Mo Sanwó Ìlù, Ọ̀tá Mi Ló Jó

Àwa ọmọ Arsenal lẹ́nu. Láti ọdún 2004 tí a ti gba ife líìgì gbẹ̀yìn, títí dé sáà 2024 sí 2025 tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, ìjákulẹ̀ ẹlòmíì la fi ń ṣọdún. Ní sáà náà, Manchester United kò fi ọdún dù wá rárá.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ni wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Erik ten Hag. Wọ́n lọ mú Ruben Amorim wá láti Sporting ti ìlú Lisbon, ọmọ ọdún 39, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ na Manchester City ní 4-1 kó tó dágbére fún wọn. Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa n'Ìbàdàn, àwọn ọmọ United bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àyà síwájú. Bàbá mẹkáníìkì kan, tí gbogbo wa ń pè ní Ṣíámáànù torí pé òun ni àgbà wọn, dìde dúró, ó ní Mósè ti dé, òkun máa tó pín.

Òkun ò pín. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ Amorim, lọ́dọ̀ Ipswich tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá sí líìgì àgbà, Rashford gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, síbẹ̀ 1-1 ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé fìlà dúdú, mo gba ṣọ́ọ̀bù Ṣíámáànù lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà. Ọlọ́run á tu ẹbí nínú." Ó sọ sípánà sílẹ̀, ó ń wò mí, kò fọhùn.

Nígbà tí Arsenal wá na wọ́n ní 2-0 lọ́jọ́ 4 oṣù Kejìlá, tí Timber àti Saliba jẹ góòlù méjèèjì láti kọ́nà, mo tẹ ìwé ìkéde òkú. Mo kọ 1878 sí i, ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, mo fàlà, mo kọ 2024. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé olóògbé fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ife sáyé lọ. Ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwòran ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, ọdún 2025, ni mo wá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọjọ́ Àìkú ni, United ń bọ̀ wá bá wa nílé nínú ìdíje Ife FA. Mo rò ó pé yẹ̀yẹ́ ẹnu lásán ò tó mọ́, ó yẹ kó ní ìlù nínú. Mo lọ bá Àyàn kan tó máa ń lu gángan lóde ìnáwó lápá ọ̀dọ̀ wa. Mo ní bí rẹfirí bá ti parí iṣẹ́ ẹ̀, kó fi ìlù lé àwọn tó bá pàdánù dé ẹnu géètì ilé wọn. "Àwọn tó bá pàdánù" ni mo wí, n ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo sanwó ẹ̀ tán porogodo. Owó gáàsì ìdáná tí ìyàwó mi kó lé mi lọ́wọ́ ni.

Bruno Fernandes ló kọ́kọ́ jẹ. Rẹfirí fún Dalot ní káàdì pupa, United ku mẹ́wàá. Gabriel dá góòlù náà padà, ilé ìwòran mì tìtì. Wọ́n fún wa ní pẹnáritì, mo ṣẹ́jú sí Àyàn, ó gbé ìlù há abíyá. Odegaard gbá a, Bayindir mú un. Títí àsìkò àfikún fi tán, ẹni mọ́kànlá ò rí ẹni mẹ́wàá gbé ṣe, ló bá di pé kí wọ́n máa gbá pẹnáritì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bayindir tún mú ti Havertz. Zirkzee fi tiẹ̀ parí ọ̀rọ̀ sí 5-3.

Àyàn dìde. Mo rò pé á ti yé e pé ètò ti yí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ pàdánù?" Ṣíámáànù bá mi fèsì: "Òun ni."

Bí gángan ṣe gbá tọ̀ mí lẹ́yìn nìyẹn. Ó ń dún pé ẹni tó sanwó ìlù, kí ló dé tí kò jó? Àwọn ọmọ United tò tẹ̀lé e, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ìlù ń le sí i. Mo yà sí kọ̀rọ̀, ìlù yà. Mo sáré, ìlù sáré. Ìyàwó mi jáde sẹ́nu géètì, ó bi mí pé gáàsì ńkọ́. Ìlù ló bá mi dá a lóhùn. Gàárì la fi omi tútù mu sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èèyàn gidi ì bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, Brighton na United ní 3-1, Amorim sì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé bóyá làwọn ò ní jẹ́ ẹgbẹ́ tó burú jù lọ nínú ìtàn United. Ẹnu mi tún là. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin, nínú ìdíje Europa, Lyon ti ń fi 4-2 ṣíwájú wọn nílé wọn ní Old Trafford, nínú àsìkò àfikún, ọmọ ilé wa àtijọ́, Lacazette, ló sì jẹ ẹ̀kẹrin. Mo kí gbogbo ilé pé ó dàárọ̀. Lójú ọ̀nà, mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ṣíámáànù lórí WhatsApp pé ìsìnkú ti wáyé nírọ̀wọ́rọsẹ̀. Mo pa fóònù, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohùn mi náà ló fi ránṣẹ́ padà sí mi, ó kọ 5-4 sábẹ́ ẹ̀. Láti ìṣẹ́jú 114 sí 121, wọ́n ti jẹ góòlù mẹ́ta, Maguire ló jẹ ìkẹyìn.

Èyí tó tì mí lójú jù ni ti Bilbao, lọ́jọ́ 21 oṣù Karùn-ún. PSG ti lé Arsenal jáde nínú Champions League. United àti Tottenham ló kù ní àṣekágbá Europa. Ẹni tí ò bá mọ̀, kó mọ̀: ọmọ Arsenal kì í gbè sẹ́yìn Tottenham. Àríwá London la jọ ń gbé, ọ̀tá àtayébáyé ni wá. Títí dọjọ́ náà, wọn ò tíì gba ife kankan láti ọdún 2008, ìyẹn la sì fi ń bú wọn. Ṣùgbọ́n ìkórìíra United ti ra mí níyè. Bí bọ́ọ̀lù Brennan Johnson ṣe wọlé, mo fò sókè, mo dì mọ́ ẹni tí n ò mọ̀ rí, mo ń pariwo "Tottenham!" Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, àwọn ọmọ Arsenal ẹgbẹ́ mi ti na fóònù sí mi, wọ́n ń ya fídíò. Kéèsì mínírà kan ni wọ́n bù fún mi ní ìtanràn. Wọ́n ní kí Ṣíámáànù mu ìgò àkọ́kọ́.

Ìṣirò sáà náà rèé: United ṣe ipò 15, kò gba ife. Tottenham ṣe ipò 17, ó gba ife, mo sì bá a yọ̀. Arsenal ṣe ipò kejì, ọwọ́ òfo ló gbé wálé. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó jèrè ládùúgbò wa ni Àyàn. Tẹ́yin náà bá fẹ́ gbà á, ẹ kọ́kọ́ ra gáàsì, kẹ́ ẹ sì rántí dárúkọ ẹni tó máa lé.