Bàbá Ìsàlẹ̀ Ń Gòkè

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Peckham kú ìmúra o. Ẹni tó jẹ́ pé bí yìnyín bá bọ́ díẹ̀ ní London, ìyàwó wọn ní ń gbé ike ìdọ̀tí síta, àwọn náà ló ń lọ ṣeré síkíì lórí òkè Alps lóṣù Èrèlé!

Òkè wo? Val Thorens, ní ilẹ̀ Faransé. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀? Ibẹ̀ ni ibùdó síkíì tó ga jù ní Yúróòpù, 2,300 mítà. Ẹ kúkú mọ Bàbá: kí ọjà ṣáà ti ní “ó ga jù” nínú, owó ti jáde nìyẹn. Àwọn ọ̀nà síkíì tó so kọ́ra ládùúgbò náà tó 600 kìlómítà. Bàbá ní àwọn á yí i ká lọ́sẹ̀ kan, pé ọmọ Ìdànrè ni àwọn, òkè kì í ṣe tuntun. Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn lẹ fi gun ti Ìdànrè, ẹsẹ̀ yín sì ń gbọ́ràn nígbà náà. Èyí, ẹ̀rọ ló máa gbé yín gòkè. Bí ẹ ṣe máa sọ̀ ló kù.

Wọ́n ní ṣebí Simidele Adeagbo lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní 2018, tó fi orí síwájú sáré lórí yìnyín fún Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni. Eléré ìdárayá ni ìyẹn láti kékeré. Ẹ̀yin ńkọ́? Láti orí àga dé ìdí fíríìjì ni eré ìje yín.

Àwọ̀ ni wọ́n fi pín ọ̀nà síkíì níbẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, búlúù tẹ̀ lé e, pupa le, dúdú ló burú jù. Bàbá wo máàpù, wọ́n ní dúdú ni àwọn máa mú, òun ló bá àwọn mu. Bàbá, aṣọ ẹbí kọ́ nìyẹn o!

Gbogbo ẹgbẹ́ la jọ ń lọ, ṣùgbọ́n lórí WhatsApp ẹgbẹ́, àwọ̀ jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n fi léèsì sí i lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó béèrè físà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ti Schengen, kódà bó ti gba ìwé ìgbélùú London. Kò sẹ́ni tó béèrè ìnṣọ́ránsì tó kan síkíì. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n wọ́ èèyàn sọ̀ kalẹ̀, bíìlì ló máa pàdé nísàlẹ̀. Ìpara oòrùn ńkọ́? Wọ́n ní ti òyìnbó ni. Ó dáa. Oòrùn á nà yín lórí, yìnyín á gbé e padà, á tún nà yín lábẹ́ àgbọ̀n.

Ẹ sanwó olùkọ́ o. Ọmọ ọdún márùn-ún tí kò di ọ̀pá lọ́wọ́ máa fò gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá. Ẹ má ní kó dọ̀bálẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún Bàbá jù ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá síkíì. Wọ́n á béèrè kílò yín, gíga yín, ọjọ́ orí yín, àti bóyá ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá tó ti wà ní 49 láti ìgbà tí Jonathan wà lórí oyè! Ìdáhùn yẹn ni wọ́n fi ń yí ìdè tó so bàtà mọ́ síkíì. Ẹni tó bá ti pé 50, wọ́n máa ń dẹ̀ ẹ́ fún un díẹ̀. Ẹ purọ́ pé ẹ fúyẹ́, ìdè á tú láìtọ́jọ́. Síkíì á máa lọ, ẹ̀yin á jókòó. Ẹ purọ́ pé ọ̀gá ni yín, wọ́n á fún un le. Ẹ ṣubú, ìdè ò ní tú, eegun ló máa tú.

Nítorí náà, Bàbá, tí ẹ bá dé ẹnu káńtà, ẹ ní kí gbogbo wa bọ́ síta, títí kan ìyàwó yín. Ẹ wá sọ kílò yín àti ọdún yín sétí ọmọ Faransé yẹn. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí lórí WhatsApp ẹgbẹ́.