Káńsẹ́lọ̀ Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Kìlọ̀ Fún

Káńsù ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilé ìkàwé gbogbogbòò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló ń ra ìwé, òun ló ń san owó oṣù, ẹgbẹ́ òṣèlú ló sì gbé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn káńsẹ́lọ̀ dé orí àga. Bí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, káńsù yìí kan náà ló máa ń kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé pé kó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Olóṣèlú ń kìlọ̀ òṣèlú fún ẹni tó ń to ìwé!

Òfin kúkú wà ńlẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1986, ní abala kejì, kà á léèwọ̀ fún káńsù láti tẹ ohunkóhun tó jọ pé wọ́n fi ń wá ojúure aráàlú fún ẹgbẹ́ kan. Síbẹ̀, ìwé ìròyìn kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1997, ìwé ìròyìn The Sun gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ gàdàgbà pé Tony Blair, olórí ẹgbẹ́ Labour, làwọn ń ṣe. Òṣìṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ lẹ báàjì ẹgbẹ́ mọ́ àyà lè tẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Guardian àti Telegraph, kò sì rúfin. Ilé ìkàwé tí kò bá fẹ́ di agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, gbogbo ẹnu ló gbọ́dọ̀ gbà láyè.

Ọdún 1986 yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ yìí ṣòro fún àwọn káńsù kan. Rupert Murdoch, tó ni The Sun àti Times, ti kó iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ lọ sí Wapping ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kìn-ín-ní, ó sì lé òṣìṣẹ́ tó lé ní 5,000 tó daṣẹ́ sílẹ̀. Inú bí àwọn káńsù ẹgbẹ́ Labour. Ealing, Camden àti Hammersmith wà lára àwọn tó kó ìwé ìròyìn Murdoch kúrò ní ilé ìkàwé wọn. Murdoch ló ṣẹ̀, òǹkàwé ni wọ́n nà. Bàbá arúgbó tó kàn fẹ́ ka Times nínú ooru ilé ìkàwé ti di ọmọ ogun nínú ìjà tí kò bá wọn dá sílẹ̀. Murdoch ní tirẹ̀ kì í kúkú yá ìwé ní Ealing.

Ọ̀rọ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga. Òfin ilé ìkàwé ti ọdún 1964 ní kí káńsù pèsè ilé ìkàwé tó péye tó sì múná dóko fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Àwọn adájọ́ wò ó, wọn kò rí ibi tó ti ní kí káńsù máa fi ilé ìkàwé bá agbanisíṣẹ́ kankan jà, wọ́n sì dá a pé ìfòfindè náà kò bófin mu.

Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló pàṣẹ yẹn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Bí lẹ́tà ìkìlọ̀ ìdìbò bá tún jáde, yàrá ìpàdé káńsẹ́lọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ.