Ìyá Onímọ̀ràn: Kí Ló Ń Lé Yín Gan-an?

Láti ìgbà tí Èkó ti bẹ̀rẹ̀ eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tirẹ̀ ní 2016, bí oṣù Kejì bá ti ń sún mọ́lé ni àwọn èèyàn máa ń rántí pé àwọn ní ẹsẹ̀. Lẹ́tà ti kún orí tábìlì mi. Ẹ jẹ́ n mú díẹ̀ níbẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akọ̀wé owó ni mí n'Íbàdàn, ẹni ọdún 43. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, lẹ́yìn ìgò kẹta, mo fọ́nnu pé màá sá eré Èkó tó ń bọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kejì mo gbéra láàárọ̀. Mi ò tíì dé òpó iná kẹta tí mo fi ń wá ibi tí màá jókòó sí. Ṣé kì í ṣe pé ọkàn mi ti ní àìsàn? — Onífáàrí, Mọ́kọ́lá*

Bùọ̀dá Onífáàrí, ẹsẹ̀ yín kò ṣẹ̀, ẹnu yín ló jẹ gbèsè. Mo mọ bí ẹ ṣe sá a: bí ẹni tí àwọn EFCC ń lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń ṣe, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń padà sórí àga kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà kó wo ìfúnpá yín. Lẹ́yìn náà, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn fún méjì, ẹ tún sáré, ẹ tún rìn, títí ìdajì wákàtí yóò fi pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, torí ọjọ́ ìsinmi ni ẹran ara ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, ẹ máa fi kún ìsáré, ẹ máa dín ìrìn kù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ara ẹ̀pọ̀n. Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ pé eré náà kò pọ̀ jù? Ẹ gbọ́dọ̀ lè bú ìjọba ní gbólóhùn kíkún láì mí hẹlẹ. Bí ẹ bá dé orí owó epo bẹntiróòlù tí ohùn yín já, ẹ dẹwọ́ eré. Àwọn ará àdúgbò lè rò pé ẹ fẹ́ du ipò kánsẹ́lọ̀. Kò burú.

Ní ti ìlérí yín, odidi eré náà jẹ́ 42.195 km, láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè, gba orí afárá Third Mainland, dé Eko Atlantic. Ẹ má dán an wò lọ́dún yìí. Wọ́n máa ń sá ti 10 km níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìyẹn, kí ẹ sì máa sọ fún gbogbo ayé pé ẹ ń lọ sá "eré Èkó". Irọ́ kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kìlómítà, ẹ ra ìgò kan fún un.

*Ẹ káàárọ̀, mà. Mo ń ta aṣọ l'Óṣogbo, mo sì ń múra fún eré 10 km. Ìkíni ni ìṣòro mi. Láti aago márùn-ún ààbọ̀ ni àwọn àgbà ti ń jókòó síwájú ilé ládùúgbò wa. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, ilẹ̀ á mọ́ bá mi lójú kan. Bí mi ò bá kí wọn, ìyá ọkọ mi á gbọ́, òun tó ti ń béèrè ohun tó ń lé mi tẹ́lẹ̀. — Ìyàwó Asáré*

Ọmọ mi, ìyá ọkọ rẹ kò jẹ̀bi. A kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí a ò lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Sọ fún un pé ọmọ lò ń lé. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa jí ọ láago márùn-ún.

Má ṣe fo ìkíni o. Kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì, kí o sì dìde láì fọwọ́ tilẹ̀. Àwọn ará Ìkòyí ń sanwó fún ẹni tí yóò mú wọn ṣe irú rẹ̀, torí itan àti ìdí tó lókun ni kì í jẹ́ kí orúnkún dun asáré. Ìwọ ń rí tìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún ń ṣàdúrà lé e. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ sá jìnnà nìkan ni kí o lọ sí àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́.

Wọ aṣọ tó ń tàn yòò, kí o sì kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá kígbe "Olè!" nídàájí tí aṣọ dúdú wà lọ́rùn rẹ, tí o sì ń sáré, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ àlàyé.

*Mà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ákọkà. Bàtà àlòkù tí mo rà ní ọjà Katangówà fún mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bọ́ ọ jù nù, pé Abebe Bikila kò wọ bàtà nínú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin Olympics ní Rome ní 1960 tó fi gbégbá orókè.*

Lóòótọ́ ni. 2:15:16 ló fi sá a, kò sì sẹ́ni tó tíì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé nígbà náà. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ gbójú fò ni pé láti ilé ní Ethiopia ni ẹsẹ̀ Bikila ti mọ ilẹ̀, àti pé nígbà tó tún gba wúrà ní Tokyo ní 1964, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ yọ àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ nígbà yẹn. Bí o bá máa ṣe bíi tirẹ̀, ṣe é délẹ̀: lọ yọ tìrẹ náà. Afárá Third Mainland gùn ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Bí oòrùn bá mú ọ̀dà rẹ̀, wàá mọ ohun tí dòdò ń rí nínú epo.

Bàtà tó fún kò ní là. Èékánná rẹ ló máa dúdú, tí yóò sì bọ́. Padà sí Katangówà nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Mú èyí tí àtàǹpàkò ọwọ́ lè gbà níwájú ìka ẹsẹ̀ rẹ tó gùn jù. Tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá ti le gbandi, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti sá gbogbo eré inú rẹ̀ tán.

Sí Ìyàwó Tí Àyà Rẹ̀ Já, Abẹ́òkúta, tí ọkọ rẹ̀ ti ibi eré dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórí ọmú méjèèjì: aṣọ tí òógùn rẹ ló ha á. Kó fi òrí pa á kó tó jáde. Kò sí obìnrin kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Sí ẹni tó béèrè oúnjẹ: iyán dára lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárọ̀, ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì, ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú eré. Ẹ̀wà? Ọ̀sà wà nísàlẹ̀ afárá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tẹlifíṣàn wà lókè. Mu omi níwọ̀n bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ọ́. Àmujù ń fomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn.

*Ìyá wa, bó bá rẹ̀ mí lórí afárá, ṣé mi ò lè wá ọkọ̀ wọ̀ dé ìtòsí Eko Atlantic, kí n wá sáré wọlé? — Ọlọ́gbọ́n Orí, Ṣómólú*

Wọ́n ti ṣe é ṣáájú rẹ. Níbi Olympics St. Louis ní 1904, Fred Lorz wọ mọ́tò fún nǹkan bíi máìlì mọ́kànlá, ó sì sáré wọlé bí ẹni pé òun ló gbégbá orókè, kí àṣírí tó tú. Ní Boston ní 1980, Rosie Ruiz ló kọ́kọ́ dé nínú àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n òógùn kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára rẹ̀, àwọn asáré tó kù kò sì rí i lójú ọ̀nà. Wọ́n gba oyè náà padà. Nítorí náà, bí o bá máa ṣe é, kọ́kọ́ da omi sára. Ìyọnu tó kù ni pé nínú eré ńlá òde òní, ẹ̀rọ kékeré kan ń bẹ lára nọ́ńbà àyà, máàtì sì wà nílẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà tó ń kà á bí asáré ti ń kọjá. Máàtì yẹn kì í gba owó ẹ̀yìn. Mo ti ṣèwádìí.