Òkú Mùsùlùmí Kì í Dúró De Aṣọ Ẹbí

Bí a bá gbọ́ pé bàbá ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ti kú, ẹnu wa ló kọ́kọ́ ń ba àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́rù. Kí la máa sọ? Ṣé a lè dárúkọ Jésù? A ó jókòó ti fóònù, a ó tẹ ọ̀rọ̀, a ó pa á rẹ́, a ó tún un tẹ̀. Èmi ò rò pé ẹnu ló ń kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Kàlẹ́ńdà ni. Nínú gbogbo àṣìṣe tí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń ṣe síra wọn nílé ọ̀fọ̀, àsìkò ló bí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀sìn kàn ń gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi ni. Ẹ wo ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, onígbàgbọ́, kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni wọ́n tó sin ín ní Ìkẹ́nnẹ́. Alhaji Lateef Jákàńdè, Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré nítorí bó ṣe tẹ̀lé Awólọ́wọ̀ tó, kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021. Nígbà tó fi di ọjọ́ 12, ó ti wọlẹ̀ sùn ní Ìkòyí. Ẹni tó bá fi kàlẹ́ńdà ti àkọ́kọ́ lọ síbi ìkejì, ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi pẹ́.

Bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń sìnkú kò lọ́jú pọ̀. Ìlànà Ìsìláàmù ni pé kí wọ́n má fi òkú falẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, mẹ́ta fún ọkùnrin, márùn-ún fún obìnrin. Wọ́n á kírun sí i lára, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sínú sàárè ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ó kọjú sí Mẹ́kà. Kò sí pósí aláràbarà, kò sí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tó bá kú ní ìdájí, wọ́n lè ti sin ín tán kí wọ́n tó kírun Alásárì. Àwa ńkọ́ ní wákàtí yẹn? À ń bèèrè àwọ̀ aṣọ ẹbí, à ń retí kí ẹgbẹ́ tí a jọ jáde nílé ìwé dá owó. Nígbà tí a ó fi gbé òdòdó róbótó dé, àwọn tí a fẹ́ gbé e lé lọ́wọ́ ní sàárè ti lọ sílé.

Síbẹ̀, ẹni tó pẹ́ kàn pàdánù ni. Ẹni tó tètè dé, tó tún wá ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, lojú ń tì jù. Ẹ mọ irú wa. Àdúgbò kan náà la ti dàgbà, a ti jẹ ẹran Iléyá títí ó fi sú eyín, ojoojúmọ́ la sì ń gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá tí à ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ tí wọ́n ń foríkanlẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti gbé òkú síwájú, tí Lèmọ́mù ní kí sáàfù tò, onígbàgbọ́ wa yìí á já wọ inú ìlà láì ṣe àlùwàlá, kí gbogbo ayé lè rí i pé ọ̀rẹ́ tòótọ́ lòun. Lèmọ́mù pe Allahu Akbar. Gbogbo wọn gbọ́wọ́ sókè, òun náà gbọ́wọ́ sókè. Ó ń lọ dáadáa. Kẹ́kẹ́ pa. Lèmọ́mù pe ìkejì. Ọkùnrin yìí mọ ohun tó kàn: ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń rí lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ló ń rí lápá òsì. Kò rí orí ẹnì kankan. Ìrun òkú kò ní rúkúù, kò ní ìforíkanlẹ̀. Ìdúró ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni Lèmọ́mù máa pe Allahu Akbar: wọ́n á ka Fátíhà lẹ́yìn àkọ́kọ́, wọ́n á ṣe àsàlátù fún Ànábì lẹ́yìn ìkejì, wọ́n á tọrọ àforíjìn fún òkú lẹ́yìn ìkẹta, àti ìkẹrin tí wọ́n á fi ṣe sàláámù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, àfi fún ẹni tó tẹ̀ ba. Ṣé kó dìde? Bó bá dìde, wọ́n á mọ̀ pé ó ṣì í. Bí kò bá dìde, wọ́n ṣáà ti mọ̀. Ó wá ń fọwọ́ pa ilẹ̀ bí ẹni tí náírà já bọ́ lápò rẹ̀, ó rọra ń nàró, ìgbà yẹn gan-an ni Lèmọ́mù pe ìkẹta, ni ẹ̀yìn rẹ̀ bá tún tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ olóògbé, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n léjìká. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ẹkún ni, wọ́n ń bá a ṣe pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ igi wà níbẹ̀, àwọn tí kò kírun dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì bínú sí wọn.

Ẹnìkan á ní àsọdùn ni mò ń sọ, pé òkú Mùsùlùmí náà ń sùn ní mọ́ṣúárì. Òótọ́ ni. Gani Fawẹ̀hínmi kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ọjọ́ 15 ni wọ́n sin ín ní Oǹdó. M.K.O. Abíọ́lá kú ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Àwọn dókítà tó wá láti òkè òkun kọ́kọ́ yẹ òkú rẹ̀ wò, ọjọ́ 11 ni wọ́n tó sin ín sínú ọgbà ilé rẹ̀ n'Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni àtakò yìí ń gbè. Bí ti Mùsùlùmí kan bá lè yàtọ̀ sí ti èkejì tó báyìí, ìmọ̀ tí a fi ẹran Iléyá kó jọ kò lè tó wa lò. Ká pe ìbátan kan, kì í ṣe ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, ká bèèrè pé aago mélòó, níbo. Ìpè kékeré yẹn ló ń nira fún wa, nítorí pé ẹni tó bá bèèrè ti gbà pé òun ò mọ̀.

Kí àwọn Mùsùlùmí má sì rẹ́rìn-ín jù. Tiwọn ni pé wọ́n á sáré dé ilé onígbàgbọ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ṣàdúrà tó wúni lórí, wọ́n á fi owó sílẹ̀, wọ́n á lọ, ó tán lọ́kàn wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àìsùn dé, ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì dé, olóòkú ń na ọrùn wo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló wá di ẹni tí kò yọjú! Bó bá tilẹ̀ wá, fìlà á wà lórí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí ẹnìkan á fi fọwọ́ kàn án léjìká, òun á sì rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Àwọn mìíràn á ní ìgbàgbọ́ lọ̀ràn yìí, kì í ṣe àsìkò: àwọn àfáà kan ń kọ́ni pé Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ tọrọ àforíjìn fún òkú tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ pásítọ̀ náà kì í gbàdúrà fún òkú rárá. Mo gbà fún wọn. Ta ló ní kí wọ́n gbàdúrà fún òkú? Ẹni tó ń sunkún ṣì wà láàyè. Ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run á tù yín nínú, ọjọ́ á jìnnà síra. Kò sí àfáà tàbí pásítọ̀ tó máa bá ìyẹn jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni ẹni tó jókòó ti opó, tó ń bi í léèrè bóyá bàbá gba Jésù kí wọ́n tó lọ. Kí ló fẹ́ fi ìdáhùn ṣe? Òun kan náà ló tún máa na apá méjèèjì láti dì mọ́ ìyá tó wà nínú opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Nígbà tí Jáfárù ọmọ Abu Talib kú lójú ogun Mu'tah ní ọdún 629, Ànábì ní kí àwọn ará se oúnjẹ fún ilé rẹ̀, torí ohun tó dé bá wọn ti gba ọkàn wọn. Àwa ńkọ́? A jókòó, à ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, a tún ń bèèrè ọjọ́ tí àdúrà fídáù máa jẹ́, ọ̀rá ti wà nínú báàgì. Ọ̀pọ̀ ń ṣe fídáù ní ọjọ́ kẹjọ, àmọ́ àwọn Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n ní kò sí nínú ẹ̀sìn, tí wọn kì í ṣe é rárá. Ẹni tó bá bi wọ́n, ó lè gbọ́ wàásù tí kò retí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣoore, kó gbé ìrẹsì lọ lọ́jọ́ kejì, kó gba ẹ̀yìnkùlé gbé e fún àwọn obìnrin ilé, kó má sì dúró kí wọ́n sè é jinná.